Ọkùnrin Tó Ń Béèrè Àpẹẹrẹ

Ohun tó kọ́kọ́ bí Ìyá Oníwèé nínú nípa ọkùnrin náà ni pé ohun tí wọ́n ti ṣàlàyé fún un lánàá ló tún ń béèrè lónìí. Bí kì í bá ṣe inú tó ń bí i ni, ì bá ti rí i pé eruku orí àga tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà láàárọ̀, láìsí àmì kankan pé ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀.

Ìyá Oníwèé ni gbogbo ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú ń pè é. Òun ló ń tọ́jú yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kó àwọn bébà àtijọ́ ìlú pamọ́ sí. Lára ilẹ̀kùn yàrá náà, ẹnìkan tó ti kú tipẹ́tipẹ́ fi ọ̀dà funfun kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo sí i: múnímẹ́ǹtì. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, ó bá tirẹ̀ lọ, Ìyá Oníwèé ló wá ń jìyà rẹ̀. Ẹni tó wá wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ á dúró béèrè. Ẹni tó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè, tòun ti ìtọ̀ tó ń gbọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀. Àwọn tó kàwé ló burú jù. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á wo ilẹ̀kùn, wọ́n á wá wo obìnrin náà bíi pé òun ló kọ ọ́ ní àṣìṣe. Ọ̀gá ọ́fíìsì pàápàá, ọmọdékùnrin tó jẹ́ pé Ìyá Oníwèé ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ìdì bébà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́, ti sọ ọ́ títí pé kí wọ́n ha ọ̀rọ̀ náà kúrò, kí wọ́n kọ ohun tó yé ará ìlú. Obìnrin náà kò gbà. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó sọ ọ́ tán bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ó ní ìdáhùn kan tó ti há sórí, tó máa ń sọ láìgbé ojú sókè. "Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo àkọsílẹ̀ àtijọ́. Ìwé ìtàn kọ́, ìwé ìròyìn kọ́. Èyí tí a tọ́jú nítorí ọjọ́ tí ẹnìkan á dìde pé nǹkan yìí kì í ṣe tiyín ni. Inú èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ti wá. Kí èèyàn mọ odi yí nǹkan rẹ̀ ká ló túmọ̀ sí níbẹ̀. Odi ni. Bébà ni wọ́n fi mọ ọ́."

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kó ṣeun, wọ́n á sì wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn lọ.

Ọkùnrin yìí kò lọ. Ọ̀sán ló wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ jẹun. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi bébà tó pẹ́ nílẹ̀, ó gbé fáìlì kan há abíyá, kò sì sí ohunkóhun nínú fáìlì náà. Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó gbọ́ ìdáhùn náà dé òpin, ó ń mi orí. Òórùn gọ́ọ̀mù tútù gba yàrá náà kan, bẹ́ẹ̀ gọ́ọ̀mù orí tábìlì ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Ẹ ṣeun, mà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n kò tíì yé mi dáadáa. Ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ fún mi."

Ìyá Oníwèé mí kanlẹ̀. Ó nawọ́ gba ojú fèrèsé. "Ṣé ẹ rí kànga ẹ̀yìn ilé yẹn? Àwọn onítẹ̀wé tó wà lódìkejì ti sọ nígbà kan rí pé tiwọn ni. Bébà kan wà lórí pẹpẹ yìí tó sọ pé ti ìgbìmọ̀ ni. Bébà yẹn ni múnímẹ́ǹtì kànga náà. Ṣé ó yé yín?"

"Ẹ kú àlàyé, mà." Ó dìde, ó jáde. Ó na ọwọ́ kó tó lọ, àwọn méjèèjì sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dán bíi bébà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí, kò sí ilà kan ṣoṣo níbẹ̀. Obìnrin náà rò pé bóyá ó jóná rí ni.

Ní ọjọ́ kejì, ó tún dé lọ́sàn-án. Ó tún ka ọ̀rọ̀ ara ilẹ̀kùn, ó ń fi ìka tọ ọ́. Ó tún jókòó. Ó tún béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí?"

Ìyá Oníwèé wò ó. "Ẹ̀yin lẹ wá lánàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò tíì yé mi ni."

Inú bí i. Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń ju ọ̀rọ̀ náà lulẹ̀ bí ẹni tó ń ju igi. Àkọsílẹ̀. Odi. Bébà. Nígbà tí ọkùnrin náà sì tún béèrè àpẹẹrẹ, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ló sọ. "Ọ̀gá wa lókè níbẹ̀. Lẹ́tà tó sọ ọ́ di ọ̀gá wà níbí. Bí ẹnìkan bá dìde lọ́la pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àga yẹn, lẹ́tà náà la máa fà yọ. Múnímẹ́ǹtì tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́."

Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó lọ. Ìgbà tí obìnrin náà gbé korobá láti lọ pọn omi tó máa fi nu pẹpẹ ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kànga. Ògiri ti wà láàárín rẹ̀ àti ọ́fíìsì. Kì í ṣe ògiri tuntun. Ó ti hu ewédò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, alángbá sì ń sáré lórí rẹ̀ bí alángbá tí wọ́n bí síbẹ̀.

Ó gòkè lọ bá ọ̀gá, korobá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló jẹ́ kí wọ́n mọ ògiri sí kànga wa?"

"Kànga wo, mà?" ni ọ̀gá bi í. Ọmọ náà kò ṣàwàdà. "A ò ní kànga rí, Ìyá Oníwèé. Ti àwọn onítẹ̀wé ni. Ṣé ara yín yá?"

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sí pẹpẹ níbi tí bébà kànga wà. Ibẹ̀ gan-an ni inú ti wá bí i tòótọ́. Yàrá yẹn ní òfin kan tó ju gbogbo òfin lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ ìdì bébà kan kúrò lórí pẹpẹ, pákó pẹlẹbẹ kan ni yóò fi sípò rẹ̀, yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Adelé ni wọ́n ń pe pákó náà. Adelé á dúró síbẹ̀, á máa ṣọ́ àyè, títí ìdì náà á fi padà dé. Ìyá Oníwèé á wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú un, "Ọjọ́ wo lẹ máa dá a padà?" Kò sí ẹni tí kò bi ní ìbéèrè yẹn rí, ìbáà jẹ́ ọ̀gá, ìbáà jẹ́ adájọ́. Ṣùgbọ́n lórí pẹpẹ yìí, kò sí bébà, kò sí adelé. Àwọn ìdì tó kù ti sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, eruku orí wọn kò já níbì kankan, bíi pé nǹkan kan kò sí láàárín wọn rí.

Ó kó ìbínú náà relé.

Ilé, ìbínú mìíràn tún ń dúró dè é níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bẹ lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, ó ti wá awò ojú rẹ̀ láti àárọ̀, awò náà sì wà ní orí rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń gbé yìí, bàbá Ìyá Oníwèé ló kọ́ ọ kó tó kú. Àbúrò bàbá ti wá dìde báyìí pé tòun ni, pé òun fi ẹ̀gbọ́n òun sínú rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ti dé ilé ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀, ìwé ilẹ̀ kò sí. Màmá kò gbà kí ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì, ó ní àpótí òun tó, ikán sì jẹ ẹ́ tán nínú àpótí náà. Obìnrin tó ń tọ́jú bébà gbogbo ìlú, bébà ilé tirẹ̀ ni ikán jẹ. Bó bá ti rántí, ara rẹ̀ á gbóná. Ohun tó kù ni pé Màmá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ra ilẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kan òrùlé. Gbogbo àwọn yòókù tó wà níbẹ̀ ti kú. Bí Màmá bá sọ ọ́ bó ṣe rí níwájú adájọ́, ilé di tiwọn. Bí kò bá sọ ọ́ bó ṣe rí, kí wọ́n máa di ẹrù wọn.

"Màmá, ẹ tún un sọ fún mi, bí lọ́yà ṣe ní kí ẹ sọ ọ́."

"Arúgbó mi," ni Màmá wí. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń pe ọmọ rẹ̀ láti kékeré, nítorí ó ní ọmọ náà ti ń fajú ro láti orí ìkókó. "Bàbá yín ra ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ onílẹ̀ níwájú mi. Èmi àti ẹ̀ ni a jọ kọ́ ilé. Mo ń ru yanrìn, ìwọ ń bẹ lẹ́yìn mi. Nígbà tí a kan òrùlé, káfíńtà yẹn, hẹn-ẹ́n, ó dúró lórí igi, ó ń ṣe fáàrí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ gbàgà. Ṣòkòtò rẹ̀ ya láti ibí dé ibí." Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣòkòtò ọ̀hún, kí n sọ àwọ̀ rẹ̀ fún ẹ..."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni ìyẹn kàn nínú ọ̀rọ̀ ilé?"

"Mo ń bọ̀ níbẹ̀."

"Adájọ́ ò béèrè ṣòkòtò. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láìmẹ́nu ba ṣòkòtò."

Màmá nu ojú rẹ̀. Ó gbìyànjú. Ó dé orí òrùlé, ẹ̀rín tún mú un. Ìyá Oníwèé dìde, ó wọlé lọ, nítorí bó bá dúró, yóò sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin kan dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, ó fi ike wé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ àyà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nígbà tó rí Ìyá Oníwèé. "Ẹ káàárọ̀, mà. Wọ́n ní kí n wá béèrè bóyá iṣẹ́ wà." Ọ̀gá ni. Táì tó máa ń wọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdeé ló wọ̀, ṣùgbọ́n ó so ó bí ẹni tí kò so ó rí. Nígbà tí obìnrin náà pè é ní ọ̀gá, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lókè, ẹlòmíràn ló jókòó sórí àga náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan. Ó kí Ìyá Oníwèé bí ẹni tó ti ń kí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó sì rán an létí pé kó má gbàgbé láti nu pẹpẹ.

Ìyá Oníwèé padà sínú yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í. Ẹ̀rù bà á, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀. Kànga ni òun fi ṣe àpẹẹrẹ, kànga lọ. Ọ̀gá ni òun fi ṣe àpẹẹrẹ, ọ̀gá lọ. Ohun tó ká a lára jù ni bó ṣe rọrùn tó. Gbogbo ọdún tó fi ń ṣọ́ yàrá náà lójú méjèèjì, ẹnìkan kò fọ́ ilẹ̀kùn, ẹnìkan kò jí kọ́kọ́rọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fẹnu yọ wọ́n, tó ń gbé wọn lé e lọ́wọ́, nítorí pé ó fẹ́ kí àlejò tètè máa lọ. Ó pinnu pé bí ọkùnrin náà bá tún dé, ẹnu òun kò ní là.

Ó dé lọ́sàn-án. Ilẹ̀kùn tó wà ní títì kò dún. Obìnrin náà kàn gbójú sókè ni, ó sì ti wà lórí àga, fáìlì òfìfo lórí itan rẹ̀. Òórùn gọ́ọ̀mù tútù náà dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kò tíì yé mi."

Ìyá Oníwèé mú okùn, ó ń so ìdì, ó tú u, ó tún so ó. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de ohun kan tó dájú pé ó ń bọ̀. Eṣinṣin kan bà lé ojú rẹ̀, ó rìn kọjá lórí ẹyin ojú náà, kò ṣẹ́jú.

Fóònù Ìyá Oníwèé dún. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni, tó ń gbé ní ìlú mìíràn, tó jẹ́ pé ìmọ̀ràn nìkan ló ń dá nínú ọ̀rọ̀ ilé náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la ni kóòtù o. Lọ́yà tún pè mí. Ó ní ìwé ilé dà."

"Mo ti sọ fún ẹ pé kò sí ìwé."

"Ó ní kò sí bí a ṣe máa wá sí kóòtù láìsí ìwé. Ṣé ẹ wo abẹ́ àpótí? Ṣé ẹ wo—"

"Ikán jẹ ẹ́." Ohùn rẹ̀ ti ń ga. Gbogbo inú tó ti ń bí i láti ọjọ́ mẹ́ta, lórí kànga, lórí ọ̀gá, lórí ṣòkòtò káfíńtà, gbogbo rẹ̀ wá pàdé lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ikán ti jẹ ìwé, ṣé o gbọ́? Màmá ni ìwé wa. Màmá nìkan ni múnímẹ́ǹtì tó kù fún wa lórí ilé yẹn, kí ẹnikẹ́ni má tún fi ìwé dà yọ mí lẹ́nu mọ́."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní lílà.

Ọkùnrin náà dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti wá yé mi báyìí," ni ó wí. "Ẹ kú àlàyé, mà."

Ìyá Oníwèé kò mọ bó ṣe délé. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ló bá níwájú ilé, ó ń sá aṣọ. Obìnrin yẹn kí i dáadáa, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ya ilé wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àga Màmá kò sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá Màmá, sìmẹ́ńtì ni wọ́n tò síbẹ̀ dé àjà. Ó fi imú fa ògiri, bóyá òórùn ìpara tí Màmá fi ń pa orúnkún á ṣì wà níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì nìkan ló gbọ́. Ó pe àbúrò rẹ̀ padà.

"Màmá wo?" ni àbúrò rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ti kú láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Kí ló dé? Ẹ jókòó ná. Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

Kò jókòó. Ó padà sí ọ́fíìsì. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀, àwọn èèyàn ti ń ti fèrèsé. Ọkùnrin náà wà nínú yàrá, ó kọjú sí pẹpẹ, ó ń fi ìka rìn lórí àwọn ìdì bí ẹni tó ń yan aṣọ. Ìyá Oníwèé ti ń sunkún láti ọ̀nà, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ìka yẹn lórí pẹpẹ tirẹ̀, ẹkún náà dá. Inú bí i bó ṣe máa ń bí i sí ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan nǹkan láìbéèrè.

"Yàrá yìí lófin," ni ó wí.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ẹnikẹ́ni kì í mú nǹkan kúrò níbí láìfi adelé sípò rẹ̀. Òfin náà ti wà kí n tó dé. Ẹ̀yin mú nǹkan, ẹ ò fi adelé sílẹ̀. Olè lẹ jẹ́."

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó wo àwọn pákó tó wà níbi ògiri, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Òótọ́ ni," ó sọ ọ́ ní ohùn kékeré. "Èmi kì í ṣe olè. Ẹ̀yin ni ẹ ò bi mí."

"Mo ń bi yín báyìí."

"Mẹ́ta ni mo mú, mà. Ọ̀kan ṣoṣo sì ni èmi. Èwo nínú wọn ni kí n fi adelé sí?"

Ká sọ pé ó farabalẹ̀ ni, ì bá bi ara rẹ̀ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí, òun tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ì bá rántí ọmọ tó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nínú ike. Kò farabalẹ̀. "Màmá mi," ni ó wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ìgbà tó délé, iná wà lójú fèrèsé. Sìmẹ́ńtì kò sí, aṣọ tí wọ́n sá kò sí. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, awò ojú rẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ìyá Oníwèé wólẹ̀ síbẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún rẹ̀, ó sunkún bí ọmọ kékeré.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni Màmá wí, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí jẹ́jẹ́. "Ó ti tó. Mo ti dé."

Ní ọjọ́ kejì, Màmá dúró níwájú adájọ́ láìdi ọ̀pá mú. Ó sọ ọjọ́ tí wọ́n ra ilẹ̀. Ó sọ ẹni tó tà á àti ibi tí ààlà rẹ̀ dé. Ó sọ bí òun ṣe ru yanrìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó sọ bí wọ́n ṣe kan òrùlé, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Kò ṣìnà níbì kan, kò yà síbì kan. Lọ́yà àbúrò bàbá yí ìbéèrè náà síwá sẹ́yìn, gbólóhùn kan náà ló ń gbà padà, láìyingin, bí ẹni tó ń kà á lórí bébà. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti dá ilé fún wọn. Àwọn èèyàn ń bọ Ìyá Oníwèé lọ́wọ́, wọ́n ń ní Màmá yìí gbayì. Àbúrò rẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù pé òun ti mọ̀ pé Màmá á sọ ọ́ re.

Òun nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan ń họ ọ́ lọ́kàn, kò sì mọ ohun tí í ṣe títí wọ́n fi délé, tí àwọn àlejò lọ, tó ku àwọn méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá," ni ó wí, ó ń fi ṣàwàdà, "ẹ gbìyànjú lónìí o. Ẹ ò tiẹ̀ mẹ́nu ba ṣòkòtò káfíńtà."

Màmá yíjú sí i. Ojú rẹ̀ tutù, ó mọ́lẹ̀. "Kí ni ìyẹn kàn nínú ọ̀rọ̀ ilé?"

Màmá dìde kúrò lórí àga rẹ̀ láti wọlé. Eruku tí ọkọ̀ ti ń gbé wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láti ìgbà tí wọ́n ti lọ sí kóòtù wà lórí àga náà, ó tẹ́jú, ó kún. Àmì kankan kò sí níbẹ̀. Ìyá Oníwèé na ọwọ́ di ọwọ́ Màmá mú bó ṣe ń kọjá, ó ṣí i sílẹ̀ sábẹ́ iná. Ọwọ́ tó ru yanrìn, ọwọ́ tó ní àpá iná láti ìgbà ọmọge, ó dán, kò sí ilà kan ṣoṣo níbẹ̀. Òórùn gọ́ọ̀mù tútù rọra ń yọ jáde lábẹ́ òórùn ìpara.

Ìgbà yẹn ló tó rántí. Ó ti béèrè adelé. Kò béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà. Òun tó ń bi adájọ́, òun tó ń bi ọ̀gá, kò bi ọkùnrin náà.

"Ọ̀rọ̀ tó wà lára ilẹ̀kùn yín lọ́hùn-ún," ni Màmá wí, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. "Kò tíì yé mi tán. Ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ fún mi."

Ìyá Oníwèé pa ẹnu rẹ̀ dé.

Láti ìgbà yẹn, ó ti ha ọ̀rọ̀ náà kúrò lára ilẹ̀kùn, ó fi ọ̀bẹ ha á fúnra rẹ̀, kò sì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gba ọmọ tó jẹ́ ọ̀gá rí sí yàrá rẹ̀, ó sì tún ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ìdì bébà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ń gbọ́ràn. Ilé jẹ́ tiwọn, kò sẹ́ni tó tún bá wọn dù ú. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, òun àti adelé Màmá á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, adelé náà á béèrè àpẹẹrẹ lọ́wọ́ rẹ̀, òun á sì máa wo ìta. Kò bínú mọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ ibi tí ìbínú náà lọ.

Nígbà tí ara bá ni ín jù, ó máa ń sọ ìtàn káfíńtà yẹn fún ara rẹ̀ nínú ikùn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́. Ó dúró lórí igi, ó ń ṣe fáàrí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ gbàgà, ṣòkòtò rẹ̀ ya láti ibí dé ibí. Ó máa ń dé ibẹ̀ yẹn, á sì dúró. Kò mọ àwọ̀ ṣòkòtò náà. Ibi tí Màmá bá ti fẹ́ sọ ọ́ ni òun ti máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.